Ọjọ́ kan ní ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Àjàṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ti tó bí ogún ọdún tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ìdajì rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń pa á, ìyẹn ìdajì tí ó sọ pé àgbà gbọ́n. Ìdajì yòókù, Àjàṣẹ́ ni mo ti lọ gbọ́ ọ, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ìrìn-àjò náà ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní agbègbè Kétu, ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní PCT ni iṣẹ́ mi: physique, chimie, technologie. Àwọn tábìlì tí a fi ń ṣe ìdánwò nínú iyàrá ẹ̀kọ́ náà ti gbó. Ẹsẹ̀ wọn ń mì bí eyín arúgbó, ìṣó tí wọ́n fi kàn wọ́n ti dípẹtà, bí a bá sì gbé ìgò omi lé wọn, ọwọ́ ni a ó fi dì í mú. Àwọn òbí ọmọ dá owó jọ fún tábìlì mẹ́wàá. Wọ́n ní, "Olùkọ́, ẹ bá wa wá ẹni tí yóò ṣe tábìlì tí kò ní tú mọ́ wa lọ́wọ́." Ẹnì kan nínú wọn ló sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná lẹ igi pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní iná kì í lẹ igi, iná a máa jó igi ni.

Mo wọ ọkọ̀ ní Kétu kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. A fi Akábà Ìdènà sẹ́yìn, ẹnu odi àtijọ́ tí gbogbo ọmọ Kétu fi ń yangàn, ọkọ̀ wa sì dorí kọ ìhà gúúsù. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. Eruku pupa bo ewé ẹ̀bá ọ̀nà, ọyẹ́ sì ti mú kí ètè gbogbo èrò ọkọ̀ gbẹ. Bí a ti ń sún mọ́ Pọ́bẹ̀ ni ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà láti ayé ìjọba Faransé. Nígbà tí a kọjá Ṣakétẹ́, afẹ́fẹ́ yí padà. Ó rọ̀, ó sì ní ọ̀rinrin nínú, bí afẹ́fẹ́ ìlú tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà ti máa ń rí. Mo kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ lásán ni nígbà náà. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí gan-an ni a ó fi ọjọ́ náà sọ.

Àjàṣẹ́ kì í ṣe ìlú tí ènìyàn lè fi ìkánjú wọ̀. Àwọn Pọtogí ni wọ́n fún un ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, Porto-Novo. Hogbonu ni àwọn ará wa tí ń sọ èdè Gùn ń pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí igi àti òkúta lè ṣe lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó lọ dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Ojú rẹ̀ dà bí ti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil, nítorí pé àwọn Àgùdà ni wọ́n kọ́ ọ, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gba orí òkun lọ àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà. Ohun tí wọ́n kọ́ nínú ìyà ni wọ́n gbé bọ̀ wá sílé, tí wọ́n fi kọ́ ilé olókè, tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí a ṣì ń rí ní àdúgbò àtijọ́ títí di òní. Mo dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó wá zémidjan tí yóò gbé mi lọ sí ibi tí mo ń lọ. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ igi ní Àjàṣẹ́, láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni ó sọ ọ́ di ti ilé.

Ilé iṣẹ́ náà wà nínú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wọn, bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun, dáhùn pé, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn." Wọ́n fún mi ní omi mu. Pákó tò lọ gbọọrọ lára ògiri: ìrókò, ọ̀gànwó, àti tíìkì irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Agrimey àti Djigbé. Bí mo ti ń ṣàlàyé ohun tí mo bá wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ẹ̀yìn ilé jáde, eruku igi ní orí rẹ̀. Ó wò mí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Monsieur, ẹ káàárọ̀. Ẹ ò rántí mi mọ́?"

Ohùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú ìdánwò BEPC tí kò yege, kí ó tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣe libération fún un, ṣùgbọ́n òun kò jẹ́ kí ó lọ, "nítorí òun nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu."

Ẹ̀rọ náà wà ní igun iyàrá, lórí pẹpẹ onígi. Àpótí irin ni, ó tó ìwọ̀n àpótí aṣọ kékeré, ó ní mítà kan tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Okùn iná kan tí ó nípọn ti ara rẹ̀ jáde, ohun kan sì wà ní orí okùn náà tí a ń dì mú bí ìbọn. Ní ẹnu ìbọn yìí ni irin pẹlẹbẹ méjì wà, tí wọn kò kan ara wọn. Électrode ni orúkọ wọn nínú ìwé. Ètè ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n.

Ọmọkùnrin náà mú pákó tíìkì méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó ní kò yẹ kí a fá tíìkì kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó lẹ̀ ẹ́, nítorí òróró ara rẹ̀ a máa jáde sí ojú igi, kì í sì í jẹ́ kí àtè mú. Ó fi àtè funfun, kọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀, ra ẹ̀gbẹ́ wọn léréfèé, kò fo ibì kankan. Ó so wọ́n pọ̀, ó fi serre-joint fún wọn títí àtè díẹ̀ fi yọ jáde, ó sì nu èyí tí ó yọ. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ètè méjèèjì lé orí ojúpọ̀ igi náà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì tẹ ìdí ìbọn. Ẹ̀rọ náà kùn bí oyin. Abẹ́rẹ́ mítà sún sókè. Ó ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ti ṣe é ní ibi mẹ́rin, ó tú serre-joint, ó mú pákó náà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó gbé e sókè. Kò já. Bí ó bá jẹ́ àtè lásán ni, ó kéré tán ìdajì wákàtí ni irin ì bá fi fún un kí ènìyàn tó lè tọ́ ọ.

Mo fi ọwọ́ kan igi náà. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni lójú àtè. Níbi tí kò ti sí àtè, ó tutù. Mo bi í pé, "Báwo ni iná ṣe mọ ibi tí àtè wà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní condensateur. Mo ya ìlà méjì sí ojú pátákó, mo ní ìwọ̀nyí ni irin méjì, ohun tí ó wà láàárín wọn ni diélectrique, mo sì ní kí wọ́n há a sórí. Èmi fúnra mi kò rí condensateur tí ó ń ṣiṣẹ́ ju ìdì kékeré tí ó wà nínú rédíò lọ. Ní ọjọ́ náà, ọmọ yìí jókòó lórí igi, ó sì fi èdè Yorùbá Kétu kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ní Faransé.

Ó ní, "Monsieur, ẹ rántí agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílé. Bí onílù bá yí ọwọ́ padà, oníjó á yí ẹsẹ̀ padà. Iná tí ó wà nínú ilé wa ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yìí ń yí i padà ní ìgbà tí ó ju mílíọ̀nù 13 lọ. Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀, 13,56 MHz. Ètè méjèèjì ni onílù. Omi inú kọ́ọ̀lù ni oníjó: bí ìlù bá ti yí, òun náà á yí. Wọ́n ń fara gbún ara wọn, òógùn ń bò wọ́n, ara wọn ń gbóná. Igi gbígbẹ ni àwọn tí wọ́n jókòó ń wòran. Wọ́n ń gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n wọn kò dìde. Ìdí nìyí tí kọ́ọ̀lù fi ń gbóná tí igi kò gbóná."

Mo dákẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo rí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé bí igi bá tutù ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Òǹwòran á dìde, gbogbo wọn á máa jó. Ìlù náà á pín kiri, kọ́ọ̀lù kò ní í rí tirẹ̀ gbà tó. Nígbà mìíràn iná á fò láàárín ètè, igi á sì dúdú."

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn omi inú igi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Bí omi náà bá wà láàárín 6 àti 10 nínú ọgọ́rùn-ún, inú wọn á dùn. Bí ó bá kọjá 12, wọ́n á dá igi náà padà sí orí àká. Àjàṣẹ́ kò rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Igi tí ó gbẹ ní Kétu ní àkókò ọyẹ́, bí ó bá sùn lẹ́bàá ọ̀sà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù òjò, ó ti tún mu omi. Mo rántí afẹ́fẹ́ tí ó yí padà lẹ́yìn Ṣakétẹ́. Ọmọ náà fi ọ̀nà kan hàn mí tí a fi lè mọ̀ ọ́n láìní ẹ̀rọ kankan: a ó gé igi kékeré, a ó wọ̀n ọ́n, a ó gbé e sínú ààrò tí ó gbóná díẹ̀ ju omi híhó lọ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, a ó sì tún un wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ 108 gíráàmù tẹ́lẹ̀, tí ó di 100, a jẹ́ pé omi inú rẹ̀ jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kẹfà lè ṣe ni, ó sì wúlò ju ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń fún wọn ṣe lọ.

Nígbà tí a jẹun tán ni ọ̀gá sọ ìtàn ẹ̀rọ náà fún mi. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ayé: láti àkókò Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn aláwọ̀ funfun ti ń fi í lẹ igi, títí dé orí igi tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Èyí tí ó wà níbí, ẹ̀rọ àlòkù ni. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Kútọnu. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé kí ó sáà ti kì í bọ iná, yóò máa ṣiṣẹ́. Ìwé tí ó bá a wá, èdè Jámánì ni. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tutù, wọ́n kì í bọ iná láìní okùn ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bàbá fẹ́ fi ìka nu kọ́ọ̀lù tí ó wà ní ẹnu ètè, ọmọ iṣẹ́ kan sì tẹ ìdí ìbọn láìmọ̀. Ó na ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sí mi. Àpá náà kò ju hóró ata lọ. Ó ní ojú rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹran ni ó ti jó, ó sì pẹ́ kí ó tó jinná. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Ọdún kan gbáko ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ra òkú.

"Ọmọ yìí ló jí i," ni bàbá wí. Ọmọ tí kò yege BEPC yìí ló yá ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì, tí ó ń tú ìwé náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní alẹ́. Níbi tí ìwé bá ti sọ pé kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ má dán an wò, kò dán an wò. Wọ́n lọ pe onímọ̀ iná mànàmáná tí ó kọ́ṣẹ́ gidi. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣàkíyèsí. Ọgbọ́n kì í ṣe kí a máa fi ọwọ́ kan ohun gbogbo. Kí a mọ ibi tí ọwọ́ wa dé ni.

Bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e kúrò nílẹ̀ lọ sórí pẹpẹ gbígbẹ, wọ́n sì jìnnà sí ògiri kí afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ayùn oníná, nítorí eruku igi. Wọ́n ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ fún okùn ilẹ̀, prise de terre, wọ́n sì wọ̀n ọ́n láti mọ̀ pé ó dára. Wọ́n ra régulateur, kí iná tí ó bá lọ sílẹ̀ tàbí tí ó gòkè ju 230 volt lọ má baà ba fìtílà ńlá onígíláàsì tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Fìtílà yìí ni ọkàn ẹ̀rọ náà; bí a bá tan ẹ̀rọ, a ó dúró díẹ̀ kí fìtílà náà gbóná kí a tó ṣiṣẹ́. Okùn tí ó lọ sí ìbọn kò gbọdọ̀ ká kọ́ńkọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ìṣó nínú igi tí a ó lẹ̀, kò sí irin nítòsí ètè, nítorí iná á fò sí i. Kọ́ọ̀lù olómi nìkan ni a ń lò. Kọ́ọ̀lù tí ń rùn bí epo ọkọ̀, tí àwọn oníbàtà ń lò, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá: kò ní í lẹ̀ dáadáa, ó sì lè gbiná. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà á bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹni tí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kì í wọ iyàrá náà.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tìlẹ̀kùn ni. Rárá o, ìtọ́jú ẹ̀rọ ló kàn. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é, bí ẹni ń bọ òrìṣà. Ọmọkùnrin náà yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná, ó sì fi orí okùn náà sí ojú tábìlì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i pé ó ti yọ. Ó fi yanrìn onípépà tí ó kúnná ha ètè méjèèjì títí kọ́ọ̀lù tí ó ti gbẹ àti dúdú ara rẹ̀ fi kúrò, tí irin fi dán. Ó fi igi tí ó tẹ́jú wò ó bóyá ètè méjèèjì ń kàn án bákan náà. Ó fẹ́ eruku kúrò ní ojú ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Ó fi ọwọ́ tọ okùn láti ìdí dé orí, ó ń wá ibi tí rọ́bà ti là. Ó fún orí okùn tí ó bá dẹ̀. Kò ṣí àpótí. Ó ní, "Monsieur, bí ẹ tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú iná, condensateur inú rẹ̀ ṣì lè pa ènìyàn. Ẹ̀yin ló kọ́ mi pé ó ń tọ́jú iná pamọ́." Lóòótọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. N kò mọ̀ pé ó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ó tún tan ẹ̀rọ, ó lẹ àjákù igi méjì, ó kọ ohun tí abẹ́rẹ́ mítà fi hàn sínú ìwé kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan kan ń rẹ̀ níbì kan, wọ́n á sì pe onímọ̀ iná kí ó tó bàjẹ́. Igi gọngọran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí kọ́ọ̀lù yóò ti gbẹ tán, wọn á ṣẹ́ àjákù náà. Ó mú èyí tí wọ́n lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá wá, ó fi etí tábìlì ṣẹ́ ẹ lójú mi. Kò là ní ojú kọ́ọ̀lù. Igi fúnra rẹ̀ ló fà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí igi bá ya, ó dára. Bí kọ́ọ̀lù bá là, àwa la ṣẹ̀." Ọ̀gá fi kún un pé ẹ̀rọ kò lè tún ojú igi tí kò bára mu ṣe. Ihò àti ahọ́n igi tí a gbẹ́ dáadáa ṣì ni olórí. Ẹ̀rọ kàn ń dá àkókò padà fún wa ni.

A dúnàádúrà lórí tábìlì mẹ́wàá, a sì parí rẹ̀. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, ọmọkùnrin náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kan hàn mí, kí n má bínú. Láti inú ìwé tí wọ́n ń kọ nípa ẹ̀rọ ni ó ti yọ bébà kan tí ó ti di pípọ́n. Bulletin ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Nínú àlà PCT, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni mo rí, biro pupa: "N'a pas la tête aux sciences." Kò ní orí fún sáyẹ́ǹsì.

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Mo máa ń wò ó nígbà tí ìwé Jámánì bá ń le mi. Mo máa ń sọ pé bóyá òótọ́ ni Monsieur sọ, mo sì tún máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kí ni mo lè sọ? Mo fẹ́ sọ pé ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà nínú kíláàsì náà, pé alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí mo kọ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwáwí ni. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ kọ. Má bínú." Ó dọ̀bálẹ̀ kíákíá, ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á lẹ́yìn, mo ní kí ó dìde. Mo tọrọ biro lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ní òun ṣì ń lò ó.

Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ wa tó tún kọjá Pọ́bẹ̀. Àjákù igi tí ó ya náà wà nínú àpò mi. Ó wà lórí tábìlì mi ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀kọ́ condensateur, n kì í kọ́kọ́ ya ìlà méjì mọ́. Mo máa ń gbé igi náà fún wọn, kí wọ́n wá ojú kọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí tí kò fi là níbẹ̀. Mo máa ń mú wọn lọ sí agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí n tó mú wọn lọ sínú ìwé Faransé. Faransé náà kò burú. Òun ni ìdánwò yóò bi wọ́n, òun sì ni ilẹ̀kùn tí èmi gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní èdè ìyá rẹ̀, bí ó bá tún bá a pàdé ní èdè mìíràn, yóò mọ̀ ọ́n.

Tábìlì mẹ́wàá náà ti dé Kétu. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ méjì á wólẹ̀ wo abẹ́ wọn, wọ́n á fi ọwọ́ mi ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kan, bí wọ́n ti ń ṣe ní Àjàṣẹ́. Títí di òní, kò sí èyí tí ó mì. Èmi náà ní ìwé tèmi. Kí n tó kọ gbólóhùn kan sórí bulletin ọmọ ọlọ́mọ, mo máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, bí àwọn ará Àjàṣẹ́ ti ń jẹ́ kí kọ́ọ̀lù gbẹ kí wọ́n tó ṣẹ́ igi wò.